Ta ló máa pọn ọmọ lọ́jọ́ tí gbogbo ilé bá lọ sí Òkè Olúmọ?

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti dé, ariwo bẹ̀rẹ̀ nínú ilé nìyẹn. "Dádì, ibo lẹ máa mú wa lọ?" Ọmọ ará ẹ̀yìnkùlé ti lọ sí etíkun, ọmọ ará ojúde ti lọ gun ẹṣin onírin tó ń yí po, èyí tí kò sì rí ibì kankan lọ ti rí gbogbo rẹ̀ nínú fóònù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ Disney ju bí wọ́n ṣe mọ ìlú ìyá wọn lọ. Wọ́n mọ eku tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n mọ ààfin olórí ṣóńṣó tí iná ń tàn lára rẹ̀ lóru, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ẹni tí kò bá wọ bàálù kò tíì ṣe fàájì. Ẹ wá lọ wí bẹ́ẹ̀ fún télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí di ààjìn òru, tàbí fún ìyá tó ti gbé ata kalẹ̀ ní ọjà Ojúwòyè láti ìdájí!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Bí Disney fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ̀rọ̀ ilé yín. Walt Disney ní ọmọbìnrin méjì. Lópin ọ̀sẹ̀, a máa kó wọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Griffith Park, ní ìlú Los Angeles. Àwọn ọmọ á gun ẹṣin onígi tó ń yí, bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ ẹ̀pà, kò sì sí nǹkan mìíràn fún un láti ṣe ju kó máa wò wọ́n lọ. Òun náà ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé orí bẹ́ǹṣì yẹn ni èrò ti wá sí òun pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àtọmọ á ti jọ máa gbádùn. Ọjọ́ 17 oṣù Keje, 1955 ló ṣí èyí àkọ́kọ́ ní California. Èyí tó tóbi jù ú lọ ṣí ní Florida ní 1971, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Títí dòní, bí ẹ bá dé ìdí àwọn ẹ̀rọ ìṣeré tó le níbẹ̀, ẹ ó rí àmì kan tí wọ́n fi ń wọn ọmọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ ò bá kan àmì yẹn kò gbọdọ̀ gùn ún. Bàbá á dúró ti ọmọ kékeré, ìyá á lọ gùn ún pẹ̀lú àwọn tó dàgbà. Bí ìyá bá sọ̀, bàbá á bọ́ sí ipò rẹ̀, kò sì ní padà lọ tò sẹ́yìn ìlà. Wọ́n ń pààrọ̀ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ yìí sọ́kàn o, nítorí òun gan-an ló da gbogbo nǹkan rú nílé Yorùbá.

Ta ní ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé Yorùbá? Bàbá ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àwọn méjèèjì ti wà nídìí ìgò. Ìyá ń bu oúnjẹ. Ọmọbìnrin àgbà ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Láti ilé ni wọ́n ti so àbúrò mọ́ ọn lẹ́yìn, ilé náà ni wọ́n sì máa tú u sí. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó rí níbi ìgbafẹ́, á ní òun rí àbúrò òun.

Ẹ fi ojú inú wo ìdílé kan ní Mushin, irú wọn pọ̀. Bàbá ń ṣiṣẹ́ télọ̀, ìyá ń ta ata. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: obìnrin ọdún 14, ọkùnrin ọdún 10, obìnrin ọdún 6, àti àbíkẹ́yìn tó ń lọ sí ọdún méjì, tó ki pọ́pọ́, tó wúwo bí àpò gàrí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá, Ìtòkò ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ Òkè Olúmọ níbẹ̀. Ìdílé yìí ò tíì jọ rìnrìn-àjò rí àfi ti òkú àti ti ìyàwó. Bàbá wá ní ọdún yìí òun ò gbà, ó ní kí alájọ máa gba owó kan lọ́tọ̀, oṣù márùn-ún gbáko, owó ìgbafẹ́ nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àjọ náà, inú gbogbo ilé dùn, àfi àgbà ọmọ. Ó ń fọ abọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Màmá, ẹ máa lọ. Èmi á ṣọ́ ilé."

Bàbá bínú, ó ní ọmọ yìí ò moore. Ìyá ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di alẹ́, ó pè é sí kọ̀rọ̀, ọmọ sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní lọ́jọ́ Iléyá tí wọ́n lọ sí etíkun, ẹsẹ̀ òun ò kan omi. Ẹ̀gbẹ́ àpò oúnjẹ ni òun wà láti àárọ̀ dalẹ́, kí iyanrìn má baà wọ ọmọ lójú. "Ẹ sì tún ní kí n wá rẹ́rìn-ín sí fọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá lára, ó sì nídìí. Òun tí wọ́n bí sábẹ́ Olúmọ, tó dàgbà síbẹ̀, kò gun òkè náà dé téńté rí! Òun ni àkọ́bí ìyá tirẹ̀. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, igbá ẹ̀kọ ń bẹ lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ọ̀nà tirẹ̀ sì máa ń pin sí. Àwọn àlejò ń ti ìlú òyìnbó wá gùn ún, omi inú ọ̀rá lòun ń tà fún wọn bí wọ́n bá ti ń sọ̀ bọ̀. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ rẹ̀ pàápàá ò mọ̀. Òru ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ fún un. Bàbá télọ̀ jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ó dáa. Ẹ gbé ìwé wá, ká tún ètò yìí tò."

Ìgbà yẹn ni ètò gidi tó bẹ̀rẹ̀. Owó ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń kà, ó dáa kí wọ́n kà á, ṣùgbọ́n ọmọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ẹsẹ̀ èyí tó kéré jù ló ń sọ bí ìrìn á ṣe gùn tó, ọkàn èyí tó dàgbà jù ló sì ń sọ bóyá ìrìn náà máa dùn. Àwọn àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ọmọkùnrin ọdún 10, ẹ ṣáà fi òkúta hàn án, á gùn ún. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 6 á sáré fún ogún ìṣẹ́jú, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí ẹ bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó parí, ẹ ti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbíkẹ́yìn kò mọ Olúmọ yàtọ̀ sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ibòji, omi àti oorun ọ̀sán lòun ń fẹ́. Ẹ wo ọmọ ọdún 14 wá: kò kéré mọ́, kò sì tíì dàgbà. Ìtàn ló fẹ́ gbọ́, fọ́tò ló fẹ́ yà, ó sì fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ohun tí òun fẹ́.

Wọ́n jọ yan àkókò. Ìsinmi gígùn ń bọ́ sí ìgbà òjò, òkúta tí òjò pa sì ń yọ̀ bí ilá. Ọdún Kérésì àti Iléyá, èrò á ti pọ̀ jù. Wọ́n mú ìsinmi Àjíǹde, ọjọ́ Ẹtì sí Sátidé, kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ilé ìyá àgbà ní Ìtòkò ni wọ́n máa sùn. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kì í gbowó ilé lọ́wọ́ ẹni nílé ìyá ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ò ṣeé lọ, nítorí náà owó búrẹ́dì Agége àti mílíìkì ìyá àgbà wọ inú ìwé ètò. Owó ọkọ̀ wọ̀ ọ́, àlọ àtàbọ̀, pẹ̀lú owó ìwọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ béèrè iye ti àgbà àti iye ti ọmọdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí owó wọ̀nyí ń yí padà. Èyí tó máa ń tú èèyàn lápò ni owó ẹnu: gúgúrú níhìn-ín, ohun dídì lọ́hùn-ún, ẹlẹ́ran lójú ọ̀nà. Ìyá aláta ní òun á se mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì sínú kúlà, ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á rà ò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Bí owó bá ṣì kù ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á ya ibi ìkàwé ńlá tí Ọbásanjọ́ ṣí ní Abẹ́òkúta ní 2017, kí ọmọ ọdún 6 lè wo ọgbà ẹranko tó wà níbẹ̀. Bí kò bá kù, wọn ò ní yáwó nítorí àtiwo ẹranko.

Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀. Reluwé tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ará Mushin lè wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta tàbí ní Agége. Fún ọmọ ọdún 6, ìgbafẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ó lè dìde, ó lè na ẹsẹ̀, ó lè fi imú lẹ gíláàsì máa ka ilé, ilé ìtọ̀ sì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nínú danfo rí láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọmọ yín, ẹ mọ ohun tí èyí já sí.

Orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Ẹ̀gbá tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ tó wà ní Laderin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: Laderin kì í ṣe àárín ìlú. Reluwé àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, Láfẹ́nwá ló gbà, ọjà sì wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀. Ti ìsinsìnyí, ẹ máa tún wọ mọ́tò mìíràn kẹ́ ẹ tó dé Ìtòkú. Owó mọ́tò yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, tí wọ́n á wá máa na ìka sí dẹ́rẹ́bà nínú oòrùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti fi láfún àti ewédú kí wọn káàbọ̀, tí àbíkẹ́yìn sì ti sùn lórí ẹní rẹ̀, ìyá mú àgbà ọmọ àti ọmọ ọdún 6 lọ sí Aké. Wọ́n dúró níwájú ààfin Aláké. Ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ibi yìí ni àwọn obìnrin ọjà kún ní 1947, nígbà tí ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, tí wọ́n ní àwọn ò san án mọ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sùn síta, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ìparí 1950 ló tó padà, ṣùgbọ́n owó orí obìnrin ti lọ. "Àwọn aláta náà wà níbẹ̀?" ni ọmọ béèrè. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta lo rò pé ó kún ojú ọ̀nà?" Ọmọ ọdún 6 ò dá sí gbogbo èyí, ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ìtòkú ló kàn, ọjà àdìrẹ. Bàbá télọ̀ ti ṣíwájú wọn débẹ̀, ó ti ń fọwọ́ yẹ aṣọ wò, ó ń da ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ìyá aláṣọ sì ti mọ̀ pé oníṣẹ́ lòun bá pàdé, kò pe owó tó pọ̀ jù. Láyé àtijọ́, ẹlú ni wọ́n fi ń rẹ gbogbo rẹ̀. Tàwọn kan, wọ́n á fi ìko di aṣọ kó tó wọ inú aró. Tàwọn mìíràn, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sórí aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ṣe. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ̀ ọ́, funfun ló máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ha á kúrò. Lóde òní, aró òyìnbó àti àbẹ́là ti gba ojú ọjà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ń rẹ ẹlú wà. Ìyá arúgbó kan tó ń kọ ọnà jẹ́ kí àgbà ọmọ jókòó tì í, ó fún un ní ìyẹ́, ó ní kó kọ tirẹ̀ sórí aṣọ kékeré kan. Ọmọ tó ní òun á ṣọ́ ilé jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ náà kò dúró gún, ọnà rẹ̀ wọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n rẹ ẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ló sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé ìyá àgbà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ààrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ dáadáa, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bó bá ti tó ọ̀sán, òkúta náà á gbóná bí àgbada. Wọ́n san owó ìwọlé, wọ́n sì gba ẹni tó máa mú wọn rìn. Ẹ má ṣahun owó ẹni yìí o. Òkúta lásán ni Olúmọ lójú ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Òkúta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa fẹsẹ̀ gùn, nítorí ìlú fúnra rẹ̀ ti wà lórí òkè. Àtẹ̀gùn wà. Ẹ̀rọ agbéniròkè kan tún wà, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ kọ́ ní 2006. Ẹ béèrè bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, pàápàá bẹ́ ẹ bá mú arúgbó dání, kẹ́ ẹ má sì gbọ́kàn lé e.

Abẹ́ òkúta ni gbogbo wọn kọ́kọ́ jọ lọ, àti-ọmọ-àti-ìyá. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní nǹkan bí 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ: abẹ́ òkúta. Nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun dé ní 1851, àti ní 1864, wọn ò rí ìlú náà kó. Ẹni tó ń mú wọn rìn fi ojú ihò tó wà lára òkúta hàn wọ́n, níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ ata lásìkò ogun. Ìyá aláta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò náà. Ó jinlẹ̀, ó sì ń dán. Ó ní, "Ọlọ gidi nìyí." Ọmọ ọdún 6 ní òun ti dé Olúmọ, ó tó, òun fẹ́ mọ́ínmọ́ín.

Ìpààrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá yíjú sí àgbà ọmọ: "Ìgbà àkọ́kọ́ lo fẹ́ gùn ún ni, àbí ìkejì?" Ọmọ ò mọ ohun tó máa sọ, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í nírú ìbéèrè yìí rí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìkejì. Èmi àti Màmá." Bàbá bá mú ọmọkùnrin lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, àdéhùn wọn ni pé bó bá já ọwọ́ gbà, wọ́n á padà. Ìyá jókòó sábẹ́ ibòji pẹ̀lú àwọn kékeré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ̀, bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ ní òun ń padà lọ.

Bàbá télọ̀ wá na ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n gbé àbíkẹ́yìn fún òun. Ìyá so ọ̀já mọ́ ọn lára, ó wé e dáadáa. Àwọn ìyá aláṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i, wọ́n pariwo, "Bàbá ọlọ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o! Àwọn ọkọ wa dà o, ẹ wá wo nǹkan!" Ojú tì í díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tú ọmọ náà.

Ìyá àti ọmọ gòkè. Wọ́n gba àárín òkúta méjì tó fún tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi kọjá. Nígbà tí wọ́n dé òkè téńté, afẹ́fẹ́ gbá gèlè ìyá, ó fọwọ́ kan dì í mú. Páànù tó ti pọ́n ló kún ìsàlẹ̀ lọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ tó. Odò Ògùn ń dán lọ́nà jíjìn. Ẹni tó ń mú wọn rìn ń nawọ́: ṣọ́ọ̀ṣì Aké nìyẹn, mọ́ṣáláṣí nìyẹn, ààfin nìyẹn.

"Màmá, ilé ìyá àgbà dà?"

Ìyá wò ó títí, kò rí i. Gbogbo kọ̀rọ̀ Ìtòkò ló mọ̀ nísàlẹ̀, ó lè fi ojú dídì rìn ín, ṣùgbọ́n láti òkè yìí àlejò ni. Ó ń wo ibì kan, ó ní kì í ṣe ibẹ̀, ó ń wo ibòmíràn. Ọmọ ló rí i. Ó rí ohun kékeré kan tó dúdú bí aró, tí afẹ́fẹ́ ń fì lẹ́yìn ilé kan.

"Màmá, aṣọ mi nìyẹn!"

Nísàlẹ̀, àbíkẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, bàbá télọ̀ sì ń jó síwájú sẹ́yìn kí oorun lè gbé e. Àwọn méjèèjì tó wà lókè ò gbọ́, wọn ò sì tètè sọ̀ kalẹ̀.